Pátákó Tí Ó Fọ̀ Kí Àwọn Òbí Tó Dé

Wàláà, pátákó igi tí mo fi kọ́ kéú ní Sakété, kò fẹ̀ ju àyà mi lọ nígbà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lò ó kí ó tó kàn mí, ọwọ́ wọn sì ti mú kí igi rẹ̀ dán. Ẹni tí kò bá lọ sí ilé-kéú lè rò pé kíkọ ni iṣẹ́ wàláà. Àwa tí a lọ mọ̀ pé fífọ̀ rẹ̀ tóbi ju kíkọ lọ. Àfáà á kọ ẹ̀kọ́ fún ọ, wàá jókòó tì í, wàá máa kà á títí yóò fi wọ inú rẹ. Tí ó bá ti wọlé, wàá lọ kúnlẹ̀ níwájú Àfáà, wàá kà á fún un. Bí ó bá ṣì kù díẹ̀, á ní kí o padà. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Alihamudulilahi. Ó ti yanjú." Ìgbà yẹn ni wàá tó gbé wàláà lọ sí ìdí igi ọsàn tí ó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, wàá bu omi sí i, wàá sì fọ̀ ọ́ títí tàdáwà tí a fi kọ ọ́ yóò fi tán lára rẹ̀. A kì í da omi náà sójú ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Ìdí igi ni à ń dà á sí. Ohun tí ó wà lára igi ti wọ inú ọmọ, igi sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí ẹ̀kọ́ mìíràn lè ríbi jókòó sí.

Ibi fífọ̀ yẹn ni ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ ń yà kúrò nínú ẹ̀kọ́. Mo máa ń fi tàdáwà tí ó bá ṣẹ́kù sídìí ìkòkò rẹ̀ fa ìlà sí etí wàláà mi, ìlà tí ó lọ́ mọ́ra bí irun dídì, pẹ̀lú ẹ̀kán kéékèèké láàárín. Lọ́jọ́ kan, àwọn tí a jọ ń kéú sáré lọ bá Àfáà.

"Àfáà, ẹ wá wò ó o! Ó ń fi wàláà ṣeré!"

Àfáà gba wàláà náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo ti ń fi ọwọ́ bo ìdí mi de pàṣán.

"Ta ló fi àmì sára ẹtù?" Àwọn tó wá fi ẹjọ́ sùn ni ó ń bi.

"Ọlọ́run ni, Àfáà."

"Bí kò bá fi àmì sí i, ṣé ẹtù kò ní lè fò ni?"

 Ó dá wàláà náà padà fún mi. "Bí ẹ̀kọ́ rẹ bá ti yanjú, kí ọwọ́ rẹ máa ya nǹkan sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ya ohun tó ní ojú àti imú sára wàláà mi o. Bí o bá yà á, èmi náà á fi pàṣán ya tìrẹ sí ọ nídìí."

Gbogbo ilé-kéú bú sẹ́rìn-ín, àti èmi pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tí mo dàgbà, tí mo ní yíyàwòrán ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní Porto-Novo, tí bàbá mi ní kí n wá ohun tí ó ní ìtumọ̀ kọ́, ọkùnrin arúgbó yìí náà ni ó fọ̀pá tẹlẹ̀ wá sí ìsọ̀ bàbá mi láti bẹ̀ ẹ́. Kò sí Jímọ̀ọ̀ kan tí n kì í ṣàdúà fún un. Kí Ọlọ́run fi Alujanna kẹ́ ẹ.

Kóléèjì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán wà ní etí Pobè, níbi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣí fèrèsé kíláàsì mi, igi ọ̀pẹ ni a ó máa rí, wọ́n tò gbọọrọ bí sáfù tí àwọn ènìyàn ń tò lásìkò ìrun. Wákàtí kan ni wọ́n fún wa lọ́sẹ̀, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí páànù òrùlé bá ti gbóná débi pé orí á máa fọ́ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò èsì, wọ́n a máa sọ máàkì máàtì di ìlọ́po méjì, ti Faransé náà bẹ́ẹ̀. Tèmi kì í kúrò ní ìlọ́po kan. Ọmọ lè gba ogún nínú ogún lọ́dọ̀ mi, kí ó délé, kí ìyá rẹ̀ bi í pé, "Èyí tí o mọ̀ ńkọ́?"

Olùkọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá tí ì parí, wákàtí mi ni ó máa wá yá, kì í sì í dá a padà. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀, wákàtí mi ni wọ́n máa ń rán an lọ gé koríko. Ṣùgbọ́n bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, gbogbo ènìyàn á mọ ọ̀nà kíláàsì mi. Tèmi ni kí n kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sára aṣọ funfun, tèmi ni kí n kun òkúta etí ọ̀nà. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wọn nípa ẹ̀dá alààyè a máa yọ́ wá ní àárọ̀.

"Màdáàmù ọlọ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya inú etí ènìyàn sójú pátákó."

"Àṣé yíyàwòrán wúlò?"

"Ó wúlò o. Kò kàn wúlò tó kí wọ́n fún un ní ìlọ́po méjì ni."

A ó rẹ́rìn-ín, n ó sì bá a ya etí náà. Kò fi ìkà sọ ọ́. Bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n ni ó ṣe sọ ọ́. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ilé kan ní agbègbè wa tí wọn kò ti mọ ohun tí ó dára lójú. Ìyá tí ó ń pa ara ògiri ní Towé á fi ìka rẹ̀ fa ìlà sínú ẹrẹ̀ tútù kí ó tó gbẹ, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe é. Ilé-ìwé nìkan ni ó ń ṣe bí ẹni pé ojú kì í ṣe ara ènìyàn.

Lẹ́yìn ọyẹ́, bí ìgbà ẹ̀kọ́ kejì ṣe ń lọ sópin, ọ̀gá ilé-ìwé pè mí. Ọmọ Igana ni, onígbàgbọ́ pọ́nńbélé, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè.

"Màdáàmù, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi o."

"Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, tiyín ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Ẹgbẹ́ àwọn òbí ni. Wọ́n ní kí a gba wákàtí yíyàwòrán lọ́wọ́ kíláàsì kàtríyẹ́ẹ̀mù. Ọdún tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ yẹn máa wọ kíláàsì ìdánwò BEPC, máàtì wọn kò sì lórí. Wọ́n fẹ́ kí a fi wákàtí náà kún máàtì."

"Kíláàsì yẹn nìkan?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí, àwọn tó kù á tẹ̀lé e. Kò ní sí yíyàwòrán níbí mọ́." Ó ń fi ìka yí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀. "Mo bá yín bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gba èsì àwọn ọmọ ni wọ́n máa fẹnu kò. Ẹ fi nǹkan hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn, nǹkan tí ojú wọn lè rí. Bí wọn ò bá rí i, ẹ má bínú sí mi."

Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣe àlùwàlá, mo kí ìrun Àsìrì, mo sì pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ Ọlọ́run kò gùn. Mo ní kí Ó má jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tí Ó ṣí fún mi ti mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

A kò ní bébà ńlá, a kò sì ní ọ̀dà tí wọ́n ń tà nínú agolo. Àwọn tábìlì tí ẹsẹ̀ wọn ti kán wà nínú yàrá ẹrù. Káfíńtà yọ ojú wọn fún wa, àwọn ọmọ fi òkúta gbo wọ́n títí wọ́n fi dán, ó sì di pátákó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ pupa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí ó ń ti apá Ohori wá bu ilẹ̀ dúdú wọn dání, èyí tí í so mọ́ bàtà lásìkò òjò bí ẹni pé kò fẹ́ kí àlejò lọ. A fi ẹfun ṣe funfun, a gún ewé fún àwọ̀ ewé, a sì fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ṣe àwọ̀ ojú ọ̀run. Omi ògì tí a sè kí ó ṣàn ni a pò mọ́ wọn kí wọ́n lè lẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ tí a rún lẹ́nu bí pákò ni a fi ń kùn ún. Kíláàsì mi kún fún òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì yẹn tí ó jẹ́ ọmọ Sakété bí tèmi. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tí ó ṣáájú, bàbá rẹ̀ tí ó ń ta aṣọ láti ọjà dé ọjà sì mú un wá sọ́dọ̀ àbúrò tirẹ̀ obìnrin ní Pobè. Ilé-kéú ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Faransé wúwo lẹ́nu rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kí ó kàwé, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Àfáà, ka Faransé fún wa bí ẹ ṣe ń ka kéú!"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí ó fèsì. "Bí mo bá kà á, ṣé ẹ máa ṣe àmín?"

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo máa ń rí i kí ó gbé orí sókè. Àbúrò bàbá rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ọjọ́ yòókù, ńṣe ni wọ́n ń lé e jáde nílé kí ó tó lọ sílé-ìwé, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ òun ni ó ń jí gbogbo ilé. Bàbá rẹ̀ kò mọ èyí. Lọ́jọ́ kan tí ó ń kọjá lọ sí ọjà Pobè, ó yà wá wo ọmọ rẹ̀, ó sì bá a pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó tó wá sọ ọ́.

"Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò mú ọmọ wá sí Pobè kó wá máa po ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ wà ní Sakété."

Mo gbọ́ pé òun ni ohùn rẹ̀ le jù nínú ìpàdé tí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ wákàtí náà.

Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí kálukú ya ohun kan láti ilé rẹ̀. Ọ̀kan ya igi ọ̀pẹ, ọ̀kan ya ọ̀kadà zẹ́mì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gùn, ọ̀kan ya ẹrù gaàrí lórí ọmọlanke. Wọ́n dára, inú mi sì dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọmọ Sakété yìí, mo dúró.

Búútà ni ó yà, àwọn ike olómi tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ó tò wọ́n sí iwájú ògiri mọ́sálásí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé gbogbo ìjọ wà níbẹ̀. Ọ̀kan sanra, ó sì gbé imú sókè. Ọ̀kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí arúgbó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan kò ní ìdérí, mo sì rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni. Ní ìparí ìlà náà, ọ̀kan tí ó ní àwọ̀ ewé, tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù, ṣubú sílẹ̀. Omi kò tilẹ̀ ṣàn láti ẹnu rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í.

"Ti màmá mi ni."

"Kí ló dé tó fi dùbúlẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí ẹnì kankan kò gbé e, Màdáàmù."

 Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti òjìji sí èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ènìyàn ní èyí tí mo ń wò yẹn. Ohun tí ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni ohun tí Àfáà mi máa ń sọ.

"Alihamudulilahi," mo wí. "Ó ti yanjú."

Ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ó dúró títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ gbé èyí sí àárín," ni ohun tí ó sọ. Èmi náà ti pinnu bẹ́ẹ̀. Nínú ọkàn mi, pátákó yẹn ni agbẹjọ́rò mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀, mo tètè dé láti to àwọn iṣẹ́ náà sára ògiri. Mo gbọ́ ariwo láti ẹ̀bá kànga.

"Màdáàmù! Màdáàmù! Ìyá Àfáà ti fọ iṣẹ́ rẹ̀ o!"

Mo sáré débẹ̀. Pátákó náà fara ti ògiri kànga, ó mọ́ tónítóní, omi ń kán létí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà ní ìdí igi máńgò, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ da omi pupa inú àwo síbẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà.  Ọ̀gá ilé-ìwé ti dé lẹ́yìn mi, ó fọwọ́ lérí.

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

Ọmọ náà wo ọ̀gá, ó wo èmi, kò yé e rárá. "Màdáàmù ti ní ó ti yanjú."

"Ó yanjú, o wá lọ fọ̀ ọ́? Kí la fẹ́ fi han àwọn òbí?"

"Ṣé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe é lójú wọn ni?" Èmi ni ó wá kọjú sí, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. "Màdáàmù, lọ́jọ́ wòlímọ̀, ṣé ẹnì kan máa ń gbé èyí tó ti kà lánàá wá?"

Àwọn ọmọ yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, tí ọmọ bá ti ka Kùránì tán, kì í ṣe ohun tí ó ti ṣe ni ó ń gbé wá fún ìjọ. Á jókòó sí àárín bàbá àti ìyá àti ará àdúgbò, á ṣe é lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó wà, pé kì í ṣe ara igi. Ọmọ yìí gbọ́ pé àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Ó fọ wàláà rẹ̀, ó sì ń dúró kí wọ́n pè é.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é," mo wí fún ọ̀gá.

"Bí kò bá parí ńkọ́?"

"Kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́."

"Àmín," ni ó dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sọ àmín.

A gbé pátákó náà sí oòrùn. Kò tí ì gbẹ tán nígbà tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, àwọn tó gun zẹ́mì láti Towé àti Igana, àwọn tó wà nítòsí tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, bàbá ọmọ náà láti Sakété pẹ̀lú fìlà funfun. Mo tẹ́ ẹní sí àárín kíláàsì. Ọmọbìnrin náà káwọ́ híjáàbù rẹ̀ sókè, ó jókòó bí a ti ń jókòó nílé-kéú, ó gbé pátákó lé itan. Ọ̀gá ṣí ìpàdé, ó ń pín èsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sí ẹni tí ó kà á sí.

"Kí ni ọmọ yẹn ń ṣe nílẹ̀?" Ìyá kan tó pọn ọmọ ni ó bèèrè.

"Ó jọ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́."

"Ìyà kọ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí ni wọ́n máa fi ṣe máàtì?"

"Máàtì tí ẹ̀yin ṣe ńkọ́," ni ìyá náà wí láìyíjú padà, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi ìka ka ìdì ẹyìn?"

Ẹ̀rín sọ, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ògiri mọ́sálásí ti ń hàn lójú pátákó. Búútà àkọ́kọ́ dìde, ó gbé imú rẹ̀ sókè. Ẹnì kan ní, "Bíi ti bàbá mi nìyẹn." Èyí tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń dìde dúró. Ọ̀gá pe orúkọ ọmọ kan kí òbí rẹ̀ wá gba èsì, kò sí ẹni tí ó dáhùn, òun náà sì gbé bébà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. Ó ya èyí tí kò ní ìdérí. Ó wá dé ìparí ìlà. Mo ń retí pé kí ó yà á ní dídùbúlẹ̀. Ó gbé e dúró. Ó fi àwọ̀ ewé kùn ún, ó rún ẹnu igi mìíràn, ó tì í bọ inú búlúù, ó sì fi ìdérí dé e.

Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ rìn wá síwájú. Ó dúró ti ẹní náà.

"Búútà màmá rẹ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo ti gbé e sórí àjà."

"Mo mọ̀. Mo rí i níbẹ̀."

Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ó tutù, ó fawọ́ sẹ́yìn. Ó wá tọ́ka sí èyí tí kò ní ìdérí. "Èyí... tèmi rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí ìdérí ti màmá mi sọnù, ẹ̀yin lẹ yọ tiyín fún wọn."

 Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọmọ náà kò gbàgbé ìdérí. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó súnmọ́ ọn, ó sì fi etí agbádá bo ojú. Kò sí ẹni tí ó wò ó. Àwọn ará ibí mọ bí a ṣe ń yí ojú kúrò lára ọkùnrin tó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ wákàtí náà, òun ni ó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù ní ìpàdé ìjọ́sí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá ọmọ yìí, kò tí ì dárúkọ rẹ̀ fún mi. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀ fún un. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ó bá mi sọ ọ́ lónìí, ẹ̀yin náà sì gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wákàtí náà sílẹ̀ fún wọn."

"Ó ṣeni láàánú," ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ṣùgbọ́n BEPC kò ní bi í léèrè búútà. Tèmi náà ní ọmọ nínú kíláàsì yìí, mo sì fẹ́ kó yege."

Òótọ́ ni ó sọ, mi ò sì lè jà á níyàn. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Ní ìkẹyìn, wọ́n pín in: Ọjọ́bọ̀ kan fún máàtì, Ọjọ́bọ̀ kan fún yíyàwòrán, wọn kò sì ní fọwọ́ kan ti àwọn kíláàsì yòókù. Ọ̀gá wò mí. Mo ní mo dúpẹ́. Ìdajì tí Ọlọ́run bá fi sílẹ̀ fún ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu ṣá. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é títí di òní.

Àwọn òbí lọ tán. Ọmọbìnrin náà ń kó àwọn àwo ọ̀dà jọ, bàbá rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ. Ọmọ náà gbé pátákó náà wá bá mi, ó dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má baà bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ń lọ sí apá ibi tí kànga wà.

"Màdáàmù, ṣé ó ti yanjú?"

Mo mọ ohun tí yóò ṣe bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwà tí wọ́n fi tọ́ èmi náà ni, ó dára, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo wo bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò tí ì yanjú," mo wí. "Ẹ gbé e lọ sí Sakété fún ìsinmi yìí. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa wò ó títí yóò fi wọ inú yín."

Bàbá náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sìn wọ́n dé ojú títì. Ó pe zẹ́mì kan, ó jókòó sẹ́yìn awakọ̀, ó gbé pátákó náà lé orí itan, ó kọ ojú àwòrán náà síta kí aṣọ má baà nù ún. Ọmọ náà gùn sẹ́yìn rẹ̀, ó dì mọ́ agbádá rẹ̀.

"Rọra wà á o, ọ̀rẹ́," ni mo gbọ́ tí bàbá náà ń sọ fún awakọ̀ náà. "Kò tí ì gbẹ."